Òdòdó Márùn-ún Lára Aṣọ Funfun

Ọjọ́ tí mo fi ẹnu ara mi ba aṣọ oníbàárà jẹ́ ò ní tán lọ́kàn mi láéláé. Télọ̀ ni mí, ẹ̀gbẹ́ ọjà Ochanja ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ní Onitsha. Sísọ́ọ̀sì méjì ni mo ní, síbẹ̀ eyín ni mo fi ń já òwú. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ń ṣe, èmi náà sì gbà pé télọ̀ tó bá ń wá sísọ́ọ̀sì kiri kò tíì mọṣẹ́.

Erìgì mi ti ń ṣẹ̀jẹ̀ láti bí oṣù mélòó kan. Ìyàwó mi ní kí n lọ rí dókítà. Èmi ọlọ́gbọ́n ní búrọ́ọ̀ṣì ló ń dá egbò sí i, mo bá pa búrọ́ọ̀ṣì tì. Orí tó ń fọ́ mi láràárọ̀ ńkọ́? Mo ní ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ni.

Màdáàmù kan, nọ́ọ̀sì àgbà ní ọsibítù kékeré tó kọjú sí wa, gbé aṣọ funfun wá fún gáùn ìdúpẹ́ ìfẹ̀yìntì wọn. Wọ́n kìlọ̀ pé funfun báláú ni àwọn fẹ́, kí n má fi nǹkan kan sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa gbà á, mo tẹ̀ ba láti já òwú tó kẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ kán sí àyà gáùn. Mo fi omi nù ún, ó fẹ̀ sí i. Mo bá fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mo ń pa làpálàpá: mo wá òwú pupa, mo fi ya òdòdó kékeré kan lé e lórí. Ó rẹwà, kí n má parọ́. Àfi pé eyín náà ni mo tún fi já òwú pupa yẹn, ni ẹ̀jẹ̀ bá kán sí apá. Mo ya òdòdó kejì. Sísọ́ọ̀sì wà níwájú mi o, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ mi lára. Kó tó di ọ̀sán, òdòdó ti di márùn-ún.

Màdáàmù dé, wọ́n na gáùn sókè.

"Nna, who tell you say I want flower?"

"Mummy, na new style," ni mo wí, mo sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló tú mi fó, torí ẹ̀jẹ̀ ti kún eyín mi.

"Open mouth."

Wọ́n wo ẹnu mi, wọ́n wo òdòdó, wọ́n tún wo ẹnu mi. Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú. Mo rò pé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni, mo ń bẹ̀ wọ́n títí a fi sọdá títì, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń wò wá. Ọsibítù wọn la já sí.

Wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, ó ga. Mo ní ìbẹ̀rù wọn ló gbé e sókè. Wọ́n ní kí n sinmi, wọ́n tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, kò lọlẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tòótọ́ bà mí, torí ẹ̀jẹ̀ ríru ló rọ bàbá mi lápá rọ ọ́ lẹ́sẹ̀.

Dókítà eyín tí wọ́n rán mi sí ló là mí lóye. Ó ní àìsàn erìgì àti ẹ̀jẹ̀ ríru sábà máa ń rìn pọ̀, pé ohun tó ń ba erìgì jẹ́ lè bá ẹ̀jẹ̀ wọ inú ara, kó máa ni iṣan lára, kí ìfúnpá sì ṣòroó mú wálẹ̀. Kò sọ pé eyín ló fa tèmi. Ó kàn ní kí n má tọ́jú ọ̀kan kí n fi ìkejì sílẹ̀. Ó fọ eyín mi mọ́, ó dá mi padà sídìí búrọ́ọ̀ṣì. Oògùn ìfúnpá náà ń bẹ lọ́wọ́ mi di òní.

Mo rán gáùn mìíràn fún màdáàmù, sísọ́ọ̀sì ni mo fi já gbogbo òwú rẹ̀. Mo ti wá mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ẹnu ẹni jáde kì í ṣe ohun tá a ń fi òdòdó bò.

Ìyàwó mi ló jogún èyí tó lódòdó. Kì í bá mi jà lórí oògùn. Àárọ̀ tí mo bá gbàgbé rẹ̀, á gbé gáùn yẹn wọ̀, á wá jókòó síwájú mi. Màá ka òdòdó dé márùn-ún, màá rẹ́rìn-ín ara mi, màá sì dìde lọ bu omi.