Ọjọ́ tí Ẹrù Mi àti Ìyá Ọkọ Mi Jọ Wọ Kẹ̀kẹ́ Kan Náà

Bí mo tilẹ̀ dàgbà títí tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé: ọjọ́ Sátidé tí mo jókòó lé iyán lórí níwájú ilé wa ní Kàbà, tí ìyá ọkọ mi sì ń wò mí. Ẹ kà á dáadáa o. Mi ò ní mo jókòó ti iyán. Orí rẹ̀ gan-an ni mo jókòó lé.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀rọ̀. Kàdúná ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo dàgbà sí. Ọmọ Okun ni bàbá àti ìyá mi, ṣùgbọ́n túwó, oúnjẹ àwọn Hausa, ni wọ́n fi tọ́ wa, kò sì sí odó nílé wa rárá. Nígbà tí mo fẹ́ Ṣọlá, tí a kó wá sí Kàbà, mo ríṣẹ́ olùkọ́ ní iléèwé girama kan. Hóòmù Ẹkonọ́míìsì ni mò ń kọ́ wọn. Ẹ má bi mí bí ó ṣe jẹ́. Mo lè ya odó sójú pátákó, kí n fi ọfà tọ́ka sí ẹnu rẹ̀, ikùn rẹ̀ àti ìdí rẹ̀. Kí n wá gún nǹkan nínú rẹ̀ ni mi ò mọ̀.

Ìyẹn ì bá má dá wàhálà kankan sílẹ̀, bí kì í bá ṣe ẹnu ọkọ mi. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, àwọn obìnrin ẹbí rẹ̀ láti Ìsánlú yí i ká, wọ́n ní ṣé ọmọ Kàdúná yìí mọ iyán gún ṣá? Ọkùnrin yìí nàró, ó ní, "Bí ẹ bá rí ẹyọ kókó kan ṣoṣo nínú iyán rẹ̀, ẹ pè mí lópùrọ́." Èmi náà rẹ́rìn-ín músẹ́, mo tẹrí ba bí ẹni tí ìyìn ń tì lójú. Àṣé ìtìjú gidi ṣì ń bọ̀ lọ́nà.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gún iyán nínú ilé yẹn. Ṣọlá fi gbogbo eyín jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń jẹ ẹran ìgbẹ́, ó ní, "Iyán yìí dùn. Eegun inú rẹ̀ ló kàn pọ̀." Láti ọjọ́ náà, búkà lẹ́bàá ọjà ló ti ń jẹ iyán tirẹ̀, èmi ń din dòdò nílé, àlàáfíà sì jọba.

Àfi ìgbà tí ìyá rẹ̀ pè láti Ìsánlú, tó kí mi bí àwọn Okun ṣe ń kíni. "Ìyàwó, okun o. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Mi ò fẹ́ ìrẹsì, mi ò fẹ́ ẹ̀bà. Iyán ni mò ń bọ̀ wá jẹ."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Màmá máa wọ ilé wa. Mo ti gbọ́ pé òun ló pẹ́ jù nínú ẹbí kó tó gbà kí ọmọ rẹ̀ fẹ́ mi, nítorí pé èdè Okun ń ta kókó lẹ́nu mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wá gbé iyán tó ń ta kókó síwájú obìnrin kan náà? Mo gbà lọ́kàn mi pé ìdánwò ló ń bọ̀ wá ṣe fún mi, bí mo bá sì fìdí rẹmi, ó parí nìyẹn.

Ṣọlá níṣẹ́ ní Lọ́kọ́ja lọ́jọ́ náà, kò ní dé àfi ìrọ̀lẹ́. Mo dá ọgbọ́n ara mi. Súpámákẹ́ẹ̀tì tuntun kan ti ṣí nígboro tó jẹ́ pé bí o bá ti pè wọ́n, wọ́n á fi kẹ̀kẹ́ márúwá gbé ọjà wá bá ọ nílé. Mo pè wọ́n. Mo ní kí wọ́n gbé ọṣẹ wá, sàdíìnì, kábéèjì, ẹ̀gúsí lílọ̀, adìẹ oníyìnyín. Nígbà tó kan èyí tó kẹ́yìn, mo rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń ra ohun tí ìjọba fòfin dè: àpò ńlá kan pọ́ńdò, ìyẹ̀fun iṣu tí wọ́n kàn ń rò lórí iná tó máa ń jọ iyán. Ìpinnu mi ni pé màá ro pọ́ńdò náà pamọ́ kí Màmá tó dé. Tó bá ti wọlé, màá lọ sẹ́yìn ilé, màá máa gún odó òfìfo gbì-gbì-gbì, kí gbogbo àdúgbò jẹ́rìí sí i. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ti yá odó lọ́wọ́ Ìyá Fúnmi tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà, mo tiẹ̀ ti fi dánra wò.

Àárọ̀ ni wọ́n ní àwọn máa gbé ọjà wá. Oòrùn ti kan àtàrí kí n tó gbọ́ fèrè kẹ̀kẹ́. Mo sáré jáde láìwọ bàtà, inú mi ń dùn. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ ni Màmá.

Ọlọ́kẹ̀kẹ́ náà, ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ tóbi ju kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ, ń rẹ́rìn-ín. "Màdáàmù, ẹrù yín rèé, àlejò yín náà rèé! Gáréèjì ni mo ti rí wọn. Wọ́n júwe ilé fún mi, mo ní, hàbá, ibi tí ẹrù yìí ń lọ náà kọ́ nìyẹn? Itan wọn ni wọ́n gbé adìẹ yín lé títí a fi dé."

"Okun o, ìyàwó," ni Màmá wí. Iwájú ìró rẹ̀ ti tutù rinrin. "Láti gáréèjì ni adìẹ yín ti ń sunkún."

Mo kúnlẹ̀. "Okun, mà. Ẹ kú àbọ̀, mà." Bí orúnkún mi ṣe kanlẹ̀ báyìí ni atẹ́gùn fẹ́, ilẹ̀kùn ilé sì pa dé lẹ́yìn mi, gbàmù! Irú ilẹ̀kùn tó máa ń ti ara rẹ̀ ni. Kọ́kọ́rọ́ mi wà nínú ilé, fóònù mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kejì sì wà lápò ọkọ mi ní Lọ́kọ́ja.

Mo fi Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní fàráńdà. Mo wá rọra sọ fún ọlọ́kẹ̀kẹ́ pé kó já ẹrù sílẹ̀, kó máa lọ, mo fọkàn tán an.

"Rárá o, màdáàmù. Ọ̀gá wa ní ojú oníbàárà la gbọ́dọ̀ ti tú u. Obìnrin kan ló sọ lọ́jọ́sí pé mo jẹ bísikíìtì òun."

"Ṣé o jẹ ẹ́?" Màmá bi í.

"Kì í ṣe gbogbo ẹ̀, mà."

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹrù, ó ń kéde wọn bí ẹni tó ń pe orúkọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Ọṣẹ!" Màmá ní, "Ẹ kú ìnáwó." "Sàdíìnì!" "Ẹ kú ìnáwó." "Ẹ̀gúsí lílọ̀!" Màmá gbójú sókè. "Ẹ ò lè lọ ẹ̀gúsí fúnra yín ní Kàbà níbí ni?" Kí n tó wá èsì, mo rí ọwọ́ ọkùnrin náà tó ń gbé àpò funfun kan bọ̀ láti inú páálí. Mi ò mọ ìgbà tí mo já a gbà. Mo gbé e sórí àtẹ̀gùn, mo jókòó lé e, mo sì tẹ́ ìró mi bò ó.

"Kí lo jókòó lé yẹn?"

"Ìrọ̀rí ni, mà."

"Súpámákẹ́ẹ̀tì ń ta ìrọ̀rí?"

"Kò sí ohun tí wọn kì í tà, mà."

Ọlọ́kẹ̀kẹ́ la ẹnu. Mo fi ojú tí mo fi ń wo àwọn ọmọ tó ń jíwèé wò nínú ìdánwò wò ó. Ó pa ẹnu dé.

Bóyá ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ Ìyá Fúnmi kò ṣe akẹ́kọ̀ọ́ rí, kò sì bẹ̀rù olùkọ́. Ó rìn wá bí onílé, ó gbá kábéèjì mi mú. Mo ní "Ṣíì!" láti ibi tí mo jókòó. Kò dá mi lóhùn. Mo fi ìdí wọ́ sún mọ́ ọn, èmi àti ìrọ̀rí mi. Mo tún wọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo wọ́ ni mo gbọ́ "fàá" lábẹ́ mi, ewúrẹ́ sì mú kábéèjì, ó di eré. Mo gbàgbé ara mi. Mo fò dìde, mo gbá tẹ̀lé e, etí àpò há mọ́ mi nídìí ìró, mo sì ń wọ́ ọ káàkiri iwájú ilé. Atẹ́gùn tó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi síta tún padà wá, ó gbé ìyẹ̀fun náà sókè, ó dà á bò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Wáyó!" mo ké. Bí ẹ̀rù bá bà mí, Hausa ló máa ń kọ́kọ́ jáde.

Ìyá Fúnmi ti yọjú. "Ìyàwó Ṣọlá! Ta ló rẹ́ ẹ ní ẹfun?"

"Màdáàmù, ẹ fi ewúrẹ́ sílẹ̀!" ọlọ́kẹ̀kẹ́ pariwo. "Iyán yín ló ń dà nù!"

"Iyán wo?" Ìyá Fúnmi ní. "Ṣèbí torí kó lè gún un ló ṣe yá odó mi?"

Àwọn àgbà ní iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́. Tèmi ò tíì dé orí iná tó ti jó mi dé egungun. Màmá dìde, ó wá tú àpò kúrò nídìí ìró mi. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni ka nǹkan fún un. Àwòrán iyán rọ̀gọ̀dọ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ wà níwájú àpò.

Mo kúnlẹ̀ sínú ìyẹ̀fun. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Mi ò mọ iyán gún. Ẹ̀rù bà mí ni. Mo mọ̀ pé ẹ wá dán mi wò ni."

Màmá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni. Nígbà tó yíjú padà, ẹ̀rín ló ń rín, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Dán ta wò? Ìwọ ọmọ yìí! Ebi iyán ló gbé mi wá." Ó na apá ọ̀tún rẹ̀, apá náà ò lè kọjá àyà. "Láti ìgbà tí a ti wa iṣu tọdún tó kọjá ni èjìká yìí ò ti jẹ́ kí n gbé ọmọ odó. Ojú ń tì mí láti bẹ àwọn aládùúgbò. Èmi tí mo ń gún fún ìdílé mẹ́ta tẹ́lẹ̀! Mo sọ lọ́kàn mi pé ó kúkú tán, mo níyàwó ní Kàbà."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju bí ìbá ti dùn mí ká ní ó bú mi lọ. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi ń sá fún un, àṣé ọ̀dọ̀ mi ló ń sá bọ̀.

Ìdajì àpò ṣì kù. Ìyá Fúnmi gbé sítóòfù àti ìkòkò rẹ̀ wá sí fàráńdà, ó dáná ọbẹ̀ adìẹ. Ọlọ́kẹ̀kẹ́ ní òun ò lè lọ láìmọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí, ni Màmá bá ní kó lọ pọn omi. Èmi ro, Màmá ń darí mi. "Má jẹ ẹ́ níyà. Da omi díẹ̀. Yí i padà. Ó ń gbọ́ tìẹ báyìí." Nígbà tó jinná, ó bù ú, ó fi gbá ọbẹ̀, ó gbé e mì. Gbogbo wa ń wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀.

"Kì í ṣe iyán," ló wí.

Mo na ọwọ́ kí n gbé abọ́ kúrò níwájú rẹ̀.

Ó tún bu òkèlè tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. "Àna iyán ni. A ò bí i nínú ilé wa, ṣùgbọ́n a ti gbé e níyàwó." Ó wò mí bó ti ń sọ ọ́. "Jókòó, kí o jẹun. Orí àga ni o, má jókòó lé oúnjẹ mọ́."

Báyìí ni Ṣọlá ṣe bá wa ní ìrọ̀lẹ́: ìyá rẹ̀, aládùúgbò, ọlọ́kẹ̀kẹ́ kan tí kò mọ̀ rí, àti ìyàwó kan tí irun rẹ̀ ti funfun láàárín ọjọ́ kan. Ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, kò mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ kí. "Wá fọwọ́," Màmá ní, "ìwọ tí ẹnu ẹ ń báyàwó gún iyán."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e la mú Màmá lọ sílé ìwòsàn fún èjìká náà, ọpẹ́ ni, ó ti ń gbé apá sókè díẹ̀díẹ̀. Èmi náà ti ń kọ́ iyán gún. Kókó rẹ̀ ti ń dín kù, ti èdè mi náà ń tẹ̀lé e, torí Màmá kì í jẹ́ kí n fi ẹnu Kàdúná bá òun sọ̀rọ̀ lórí fóònù mọ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò pọ̀. Ẹni tí à ń bo nǹkan mọ́lẹ̀ fún lè jẹ́ ẹni tí àìní tirẹ̀ gan-an ń tì lójú, bí ọ̀kan nínú wa bá sì tètè sọ̀rọ̀, à bá ti jẹun tipẹ́. Ní ti àdúgbò, wọn ò pe orúkọ mi mọ́. "Ìyá Pọ́ńdò" ni wọ́n ń pè mí láti ojúlé dé ojúlé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sì ti gbọ́ ọ. Ní àkọ́kọ́ mo ń bínú. Nísinsìnyí, bí wọ́n bá pè mí, mo máa ń dáhùn, màá sì kọ́kọ́ gbọn ẹ̀yìn ìró mi nù ná, kí n tó bá wọn rẹ́rìn-ín.