Bí Mo Ṣe Dáhùn Fèrè ní Pápá Ìyìnbọn

Aago méje ààbọ̀ àárọ̀ ni. Èmi wà níbẹ̀, Ìdòwú ọ̀rẹ́ mi wà níbẹ̀, àwọn ọdẹ mẹ́ta tí wọ́n ti Tatonnonkon wá náà wà níbẹ̀. A tò sẹ́yìn okùn kan bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́, à ń retí ọ̀gá tó fẹ́ dán wa wò. Bí mo bá gbàgbé gbogbo ọjọ́ yòókù láyé mi, ọjọ́ yẹn ò ní kúrò níbi tó wà.

Wọ́n ti kéde ní Adja-Ouèrè, agbègbè wa, pé ẹnikẹ́ni tó bá ní ìbọn ìṣọdẹ gbọ́dọ̀ lọ sí pápá ìyìnbọn àwọn ṣọ́jà, kó yìn ín lójú wọn, kí wọ́n lè rí i pé kò ní fi pa èèyàn. Ẹni tó bá yege á gba ìwé ààbò, á gbé ìbọn rẹ̀ lọ sílé. Ẹni tí kò bá yege, ìbọn rẹ̀ á sùn síbẹ̀. Bàbá mi ló fi tèmi sílẹ̀ fún mi. Àgbàdo mi sì ti ń yọmọ lóko, ẹlẹ́dẹ̀ igbó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú rẹ̀. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, oko yẹn nìkan ni mo gbójú lé. Bí wọ́n bá gba ìbọn náà, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ yẹn ni yóò kórè.

Mi ò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ojú mi kì í sinmi. Mo rí àsíá pupa lórí ọ̀pá. Mo rí òkìtì yẹ̀pẹ̀ kan tó ga ju ilé lọ, wọ́n sì to pákó síwájú rẹ̀, wọ́n ya àmì roboto dúdú sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ń rò ó pé ta ló kó yẹ̀pẹ̀ tó tó báyìí jọ, kí ló sì fẹ́ fi ṣe. Ní iwájú okùn, mo rí pátákó kékeré kan tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ Faransé sí.

Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó jókòó sí kíláàsì àwọn àgbà. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó mọ̀wé kà, kì í lè kọjá lára lẹ́tà láìkà á. Ojú mi ò sì ríran jìnnà mọ́. Mo gbẹ́sẹ̀, mo ré okùn kọjá, mo lọ dúró níwájú pátákó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Mo kà pé ewu wà. Mo kà pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe. Ìgbà tí mo dé ìsàlẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé ohun tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ni kó ré okùn yẹn kọjá.

"Bàbá! Kí lẹ ń wá níbẹ̀ yẹn?"

Ọ̀gá náà ti dé. Obìnrin ni, kò lè ju àkọ́bí mi lọ. Aṣọ ṣọ́jà wà lọ́rùn rẹ̀, fèrè kékeré sì wà láyà rẹ̀. Yorùbá tó ń sọ ní ohùn èdè Ègùn nínú.

Mo ní, "Ìwé ni mò ń kà, ọ̀gá."

"Ṣé ẹ ti kà á tán?"

"Mo ti kà á tán."

"Ẹ wá padà sẹ́yìn okùn, kí ohun tí ẹ kà lè wúlò."

Bí mo ṣe padà, Ìdòwú sún mọ́ mi. "Ṣé o rí i? Èmi tí mi ò mọ̀wé ni mi ò kúrò lójú kan."

Lẹ́yìn náà ló yẹ ìbọn wa wò. Nígbà tó kan tèmi, ó fa ewé kan yọ lẹ́nu ìbọn. Mo ṣàlàyé fún un pé ìrì ló jẹ́ ká máa fi ewé dí i, bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

"Tí ẹ bá gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀, tí ẹ wá yìn ín ńkọ́?"

Mo ní, "Mi ò gbàgbé rí, ọ̀gá."

Ó ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú rẹ̀. Ewé kejì jáde. Ó ti gbẹ, ó ti dúdú, aláǹtakùn ti ta owú sí i lára.

"Ta ló wá ni èyí?"

Kí n tó lanu, Ìdòwú ti dáhùn. "Bóyá ti bàbá ẹ̀ ni."

Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Ó ka òfin fún wa ní Faransé, ó tún un sọ ní Yorùbá. Bí òun bá fọn fèrè, kí oníkálukú gbé ìbọn rẹ̀ sílẹ̀, kó sún sẹ́yìn, kó sì dákẹ́. Ó ní, "Ṣé ó yé yín?" A ní ó yé wa. Ó sì yé mi lóòótọ́. Orí mi gbọ́ ọ, ẹnu mi ni kò gbọ́.

Ó yẹ kí n sọ bí nǹkan ṣe rí ní igbó tiwa. Bí ọdẹ bá gbọ́ pé ewéko ń mì, kì í yìnbọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó máa kọ́kọ́ súfèé. Bó bá jẹ́ èèyàn ló wà níbẹ̀, onítọ̀hún á súfèé padà. Ohun tí kò bá dáhùn, ẹran ni. Láti kékeré ni bàbá mi ti fi pàṣán kọ́ mi: bí wọ́n bá súfèé, dáhùn kíá.

Ní pápá, mo yìn ín lẹ́ẹ̀kan. Mo ṣì ń wá ibi tí ọta náà gbà lọ nígbà tí ọ̀gá fọn fèrè. Kí n tó mọ̀, mo ti súfèé padà. Ìdòwú gbọ́ tèmi, òun náà dáhùn. Ọ̀kan nínú àwọn ará Tatonnonkon náà gbè é. Gbogbo pápá wá dà bí orí igi tí ẹyẹ wọ̀ sí.

"Ta ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?"

Mo nawọ́ sókè. Ó gba ìbọn lọ́wọ́ mi, ó gbé e sórí tábìlì tó wà lápá kejì, ó sì ní kí n lọ jókòó sábẹ́ igi mángòrò. Mo jókòó. Ohun tí mò ń rí ni imú ẹlẹ́dẹ̀ nínú àgbàdo mi.

Nígbà tí àwọn yòókù yìn tán, Ìdòwú lọ bá a.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹni tí wọ́n bá súfèé sí tí kò dáhùn, ẹran ni."

"Ṣé èmi wá jọ ọdẹ tó ń wá ẹran ni?"

"Àwa ò mọ̀, ọ̀gá. A kàn ní ká tètè sọ fún yín pé a kì í ṣe ẹran."

Ó kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tó yíjú padà, ó ní kí n dìde, kí n wá yìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní kò sí ẹlẹ́ẹ̀kẹta o.

Mo di ẹnu mi pinpin. Mo gbé ìbọn, mo wo pákó. Mo gbọ́ fèrè. Mo gbé ìbọn sílẹ̀, mo sún sẹ́yìn, mo tún fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu. Ni ẹ̀rín bá sọ. Fèrè ọ̀gá wà láyà rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Ẹyẹ kan ló ń ké lórí mángòrò. Mo tún gbé ìbọn. Ẹyẹ tún ké. Mo tún gbé e sílẹ̀.

Ìdòwú ní, "Ẹ bá a bẹ ẹyẹ yẹn o, ilẹ̀ á ṣú sí wa lọ́rùn!"

Nígbà tí mo yìn ín tán, a lọ wo pákó. Tèmi mọ́ bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kalẹ̀. Mo ti gbà pé ó parí. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ní, "Bàbá, kì í ṣe ẹran la ní kí ẹ pa. Ẹni tó dúró láìnídìí kò tíì pa ẹnikẹ́ni rí." Ó buwọ́ lùwé, ó gbé e fún mi.

Ìdòwú bojú wo ìwé náà. "Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ọkàn àwọn ẹlẹ́dẹ̀ lè balẹ̀."

Bí mo ṣe ń so ìbọn mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, ọ̀gá bi mí pé, "Lóko yín, níbi tí ẹ máa ń yìnbọn sí, kí ló wà lẹ́yìn ẹran?"

"Igbó ni."

"Lẹ́yìn igbó ńkọ́?"

Mo tún fa okùn ìbọn le. Ó nàka sí òkìtì yẹ̀pẹ̀. "Iṣẹ́ tí tiwa ń ṣe nìyẹn. Ọta tí kò bá ba ohun tí wọ́n yìn ín sí ṣì máa dúró síbì kan." A gba Ikpinlè kọjá lójú ọ̀nà ilé, Ìdòwú ń sọ̀rọ̀ lọ níwájú, mi ò gbọ́ ẹyọ kan nínú ohun tó ń sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ sóko láìgbé ìbọn. Mo gba ìdí ọ̀pẹ tí mo máa ń jókòó sí, mo gba ibi tí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ń yọ, mo ya igbó lọ tààrà. Kò pẹ́ tí mo fi já sójú ọ̀nà ẹsẹ̀ kan tó ń dán. Ìyá kan ń bọ̀, ó pọn ọmọ, ó ru ẹyìn.

"Ẹ kú àárọ̀, bàbá."

"Kú àárọ̀, ọmọ mi. Ọ̀nà wo rèé?"

"Ọ̀nà odò ni. Ibí la máa ń gbà." Ó wò mí. "Ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń yìnbọn lọ́hùn-ún? A máa ń gbọ́ ọ. A ní ẹni yẹn ti mọ̀ pé a wà níbí."

Mo ní èmi ni. Mo ní kó máa lọ, kó rọra. Nígbà tó ti lọ jìnnà, mo rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí èèyàn ń fi ara rẹ̀ rín, tí kì í dùn lọ́nà ọ̀fun. Mo fẹ́ wo gbogbo nǹkan láyé yìí, títí kan pátákó inú okùn, àfi ẹ̀yìn igbó tèmi. Mo padà, mo ṣán ìdí òkìtì ọ̀gán ńlá kan tó wà ní igun oko, mo gbé ìjókòó mi kúrò nídìí ọ̀pẹ, mo sì gbé e síbi tí ọ̀gán náà á fi wà lẹ́yìn ohunkóhun tí mo bá yìnbọn sí. Ẹlẹ́dẹ̀ kì í sábà gba ibẹ̀. Wọ́n ti jẹ tó ìdajì àgbàdo náà báyìí. Ìyókù tó mi jẹ.