Ìtọ̀ Tí Káfíńtà Sè

Láti ogún ọdún tí obìnrin kan ti ń yẹ ìtọ̀ wò nílé ìwòsàn, kò rí èyí tó ń rú èéfín rí. Ó gbé ìgò náà kalẹ̀ kíá, ó wo káfíńtà tó gbé e wá.

"Ọ̀gá káfíńtà, kí ló dé tí ìtọ̀ yín gbóná báyìí?"

"Mo sè é ni, Àǹtí."

"Ẹ sè é?"

"Títí tó fi hó. Mo tún fi asẹ́ sẹ́ ẹ."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ se ìtọ̀?"

"Ẹ̀yin náà ni! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé e wá, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ kọ ọ́ síwèé pé ìdọ̀tí ara ló wọnú ẹ̀, kí n lọ gbé èyí tó mọ́ wá. Èyí tó mọ́ rèé. Ẹ gbóòórùn ẹ̀ wò."

Obìnrin náà sún àga ẹ̀ sẹ́yìn.

"Ó ṣì ń ta yín tẹ́ ẹ bá ń tọ̀?"

"Bí ata ni! Ìyẹn gan-an kéré. Ìyàwó mi ti lé mi kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní àrùn ìta ni mo kó wálé. Oṣù kan rèé tí mo ti ń sùn lórí bẹ́ǹṣì tí mo fọwọ́ ara mi kàn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ mi ò dáa."

Obìnrin náà fa ìwé àyẹ̀wò méjèèjì yọ, ó tò wọ́n síra. Kòkòrò kan náà ló wà níbẹ̀, ó sì pọ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ojú tì í, torí òun ló kọ méjèèjì.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Kòkòrò kan ń gbé lára awọ gbogbo wa, kì í sì í bá èèyàn jà. Tá a bá rí i nínú ìtọ̀, a máa ń rò pé ó kàn já bọ́ síbẹ̀ ni, a ò ní kà á sí. Àmọ́ nígbà míì, ó máa ń yọ́ wọ ojú ọ̀nà ìtọ̀, á wá dàrùn. Ó jọ pé òun ló ń ṣe yín."

"Kòkòrò ara mi? Tí mo ń ra ọṣẹ fún?"

"Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà."

Káfíńtà fò dìde.

"Kì í ṣe ìta ni mo ti kó o nìyẹn!"

"Kòkòrò yìí ò dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá jáde nílé kó tó mú yín. Ẹ tọ òmíràn wá, kí dókítà lè mọ oògùn tó máa fún yín. Ẹ má gbé e kaná o!"

"Ẹ kọ ọ́ síwèé fún mi, Àǹtí! Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà! Ẹ lu òǹtẹ̀ sí i!"

Àánú ẹ̀ ṣe obìnrin náà. Ọkọ rere tí wọ́n fìyà jẹ láìṣẹ̀! Ó kọ ọ́, ó lu òǹtẹ̀ gbà-á.

"Ẹ bá mi ṣe é ní méjì."

"Kí lẹ fẹ́ fi ìkejì ṣe?"

Káfíńtà wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹni tí mo ní níta náà ti lé mi, Àǹtí. Ó ní ọ̀dọ̀ ìyàwó mi ni mo ti kó o."