Ẹrù Ará Ilé Tí Mo Fẹ́ Gbé Lọ sí Góòlù Kóòsì

Ìgbà tí mo dágbére fún gbogbo Ìbàdàn, tí mo sì tún padà wá kí wọn kú ilé, kò ní kúrò lọ́kàn mi láyé.

Ahunṣọ òfì ni mí nígbà náà ládùúgbò Bẹyẹrúnká. Kò tíì pẹ́ tí àwọn òyìnbó na ojú irin dé ọ̀dọ̀ wa, gbogbo èèyàn sì ń pariwo pé owó wà ní Góòlù Kóòsì, níbi tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ òkun lọ láti Èkó, pé aṣọ òfì kì í délẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó rà á. Ara mi ò balẹ̀ mọ́. Àṣàbí ìyàwó mi ní, "Bàbá Ràfíù, ẹ ti bèèrè iye tí ọkọ̀ ń gbà? Ta ló máa gbà yín sílé?" Mo ní kó fi mí sílẹ̀, pé kí ló mọ̀ nípa ìrìn àjò. Èmi tó jẹ́ pé Ọ̀yọ́ ni ibi tó jìnnà jù tí mo dé rí, tí àárò ilé sì sọ mí níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo di aṣọ tí mo ti hun jọ. Mo ta òfì tí mo fi ń hunṣọ gan-an fún Búráímọ̀, aládùúgbò wa, kí owó ọkọ̀ lè pé. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í dágbére káàkiri, ibẹ̀ ni wàhálà ti wá. Lójú àwọn ará ilé wa, agboolé kan ṣoṣo ni Góòlù Kóòsì, tí gbogbo ọmọ Ìbàdàn jókòó sí lójú kan. Ní Ọjà'ba, Ìyá Làmídì gbé igbá irú lé mi lọ́wọ́ fún ọmọ rẹ̀. Ní Bẹẹrẹ, wọ́n fún mi ní òrí. Ní Kúdẹtì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi di èlùbọ́ kún àpò, ó ní kí n fún ẹnikẹ́ni tí mo bá rí. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ mógàjí, olórí agboolé wa, ọlọ ni Bàbá gbé jáde, odindi ọlọ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀.

"Sàrátù ọmọ mi ránṣẹ́ pé òkúta ibẹ̀ kì í lọ ata kúnná. Bá mi gbé e fún un."

"Bàbá, ọlọ ni o."

"Mo mọ̀ pé ọlọ ni. Ṣé mo pè é ní ìrọ̀rí ni?"

Bàbá yìí ló sọ mí lórúkọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì gbé ọlọ.

Gbogbo agboolé ló sìn mí dé ìdíkọ̀ rélùwéè, wọ́n ń ṣàdúrà, wọ́n ń sunkún. Mo ti sanwó tèmi, mo rò pé ó tán. Ẹrù tí mo bá ti lè rù, kí ló kan ẹlòmíì níbẹ̀? Àfi bí akọ̀wé ibẹ̀ ṣe gbé e lé ìwọ̀n.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa sanwó ẹrù o. Kí ló wúwo báyìí?"

"Ọlọ ni."

Ó ní òun ò rí ẹni tó gbé òkúta wọ ọkọ̀ rí. Mo bojú wẹ̀yìn, mógàjí dúró síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọlọ rẹ̀. Mo sanwó. Inú owó ọkọ̀ òkun ni mo ti mú un, mo ń sọ fún ara mi pé Ọlọ́run á ṣe é.

Ọlọ́run ò kúkú bá mi ṣàdéhùn. Nígbà tí mo dé Èkó, owó ọwọ́ mi ò ká ọkọ̀ òkun mọ́. Mo ta àwọn aṣọ òfì mi ní ọ̀pọ̀, mo fi jẹun, mo fi wọ rélùwéè padà. Ẹrù ará ilé ni mi ò lè tà, wọ́n sì tún gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ mi nígbà tí mo ń bọ̀.

Ọ̀sán gangan ni mo gba Ọjà'ba kọjá pẹ̀lú ọlọ lórí. Ìyá Làmídì ló kọ́kọ́ rí mi, inú rẹ̀ sì dùn.

"O ti dé? Góòlù Kóòsì ò kúkú jìnnà. Làmídì mi ńkọ́?"

"Ó wà, Ìyá."

Ó wo igbá tó wà lọ́wọ́ mi. "Ṣé ó ní òun ò jẹ irú mọ́ ni?"

Mo bẹ ilẹ̀ pé kó lanu gbé mi mì, ilẹ̀ ò dá mi lóhùn. Mo dá ẹrù oníkálukú padà. Láti ọjọ́ náà, Búráímọ̀ ni mo ń hunṣọ fún, lórí òfì tó jẹ́ tèmi tẹ́lẹ̀. Á jókòó tì mí, á máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Nígbà tí mo tún tu owó jọ, mo ti gbọ́n, àbí mo rò bẹ́ẹ̀. Àṣàbí nìkan ló mọ̀. Ìdì aṣọ kan ṣoṣo ni mo gbé, mo yọ́ kúrò nílùú bí ẹni jí adìyẹ. Lọ́tẹ̀ yìí, mo dé Góòlù Kóòsì. Wọ́n júwe ilé bàbá ará Ìbàdàn kan tó máa ń gba àlejò fún mi. Bàbá kí mi káàbọ̀, ó bèèrè agboolé wa, ó wo ọwọ́ mi, ó wo ẹ̀yìn mi.

"Kí làwọn ará ilé fi rán ọ sí wa?"

"Wọ́n ní kí n kí yín, Bàbá. Àlàáfíà ni wọ́n wà."

"Àlàáfíà dára. Ṣé òun la máa fi se ọbẹ̀?"

Àwọn tó gbé irú àti èlùbọ́ dé ń sùn nínú yàrá, wọn kì í san kọ́bọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹní tèmi sí, mo sì ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù. Kí n tó rí yàrá gbà, ohun tí mo san ti ju owó tí rélùwéè gbà lórí ẹrù gbogbo agboolé lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń palẹ̀ mọ́ fún ìlú òkèèrè, ẹ bèèrè owó ọkọ̀, ẹ bèèrè owó ẹrù, ẹ má sì ta irinṣẹ́ yín kẹ́ ẹ tó mọ ibi tẹ́ ẹ máa sùn. Ẹ kọ ọlọ tí ẹ bá lágbára. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé irú díẹ̀ dání. Mò ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí o, àmọ́ ẹ̀yìn mi ò tíì gbàgbé òtútù ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn.