Bí Mo Ṣe Sọ Alájì Di Ọ̀gá Ológun

Bí mo bá dàgbà tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, ọjọ́ Sátidé tí mo sọ Alájì Múkàílà di ọ̀gá ológun ní Peckham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní tán lọ́kàn mi.

Alájì jẹ́ àgbà nínú mọ́ṣáláṣí wa. Nígbà èwe rẹ̀, ó ṣiṣẹ́ ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní erékùṣù kékeré kan, láàárín àwọn tó ń fi rédíò gba ìròyìn tí wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́. Àwọn tó ṣẹ́kù nínú wọn fẹ́ tẹ ìwé ìtàn ẹgbẹ́ náà. Orúkọ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò kún ibẹ̀ bámúbámú. Àwọn tó ń se oúnjẹ, tó ń wakọ̀, tó ń tọ́jú iná, ẹnikẹ́ni ò rántí wọn. Alájì fẹ́ kí orúkọ òun wọlé kí òun tó kú. Ó ní kí n bá òun kọ ọ́, kí n sì kà á fún àwọn èèyàn wa ní gbọ̀ngàn mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Sátidé.

Mo lọ bá a nílé lẹ́ẹ̀mejì. Jẹnẹrétọ̀ tó ń fún rédíò wọn ní iná ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀: bó ṣe ń bu dísẹ́ẹ̀lì, bó ṣe ń nu páìpù. Mo rò pé ó ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ ni. Ẹ sì mọ̀ wá: ta ló ń ka ìtàn àgbàlagbà níwájú èrò láì bù kún un díẹ̀? Díẹ̀ tèmi pọ̀ o. Alájì ti sọ fún mi nípa ọkọ̀ ojú omi kan tó fẹ́ rì nígbà ìjì, tí wọ́n gbọ́ igbe rẹ̀ lórí rédíò, tí wọ́n sì gba àwọn èèyàn inú rẹ̀ là. Mo kọ ọ́ pé Alájì fúnra rẹ̀ ló gbọ́ igbe náà. Mo tún fi fóònù dé fìlà ọ̀gá ológun lé àwòrán rẹ̀ lórí, mo sì tẹ̀ ẹ́ sórí páálí ńlá. Fìlà náà tóbi ju orí lọ.

Ọjọ́ pé, gbọ̀ngàn kún. Òyìnbó arúgbó kan wọ bọ́ọ̀sì wá láti Lewisham, Mísítà Ken, ẹni tó ń kó ìwé náà jọ. Ó ní ọjọ́ Mọ́ńdè ni ìwé ń lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà lédè Gẹ̀ẹ́sì, mo sì ń túmọ̀ fún àwọn ìyá wa. Nígbà tí mo dé ibi ọkọ̀ ojú omi, Mísítà Ken nawọ́ sókè. Ó rọra ní kí n má bínú, òun lòun gbọ́ igbe ọkọ̀ yẹn.

"Kí ló wí?" ìyá kan bi mí.

"Ó ní... ó ní inú òun dùn láti wà níbí, Mummy."

"Irọ́ ni," Alájì dáhùn látorí àga rẹ̀. "Ó ní òun ló gbọ́ ọ, òótọ́ ló sì sọ."

Mísítà Ken ti ń dé ìdérí bírò rẹ̀, ó ní irú nǹkan báyìí ò lè wọ ìwé. Ohun kan ṣoṣo tí bàbá yìí ń fẹ́, èmi ni mo fẹ́ bà á jẹ́ yìí. Mo kúnlẹ̀ níwájú Alájì.

"Dìde, ọmọ mi. Respect tìẹ yìí ti too much. Ọkùnrin tí ò ń kà yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n rí."

Ó kọjú sí Mísítà Ken, ó bi í pé lọ́jọ́ ìjì yẹn, kí ló gbé rédíò rẹ̀ ró? Ó ní ìdọ̀tí ti wọ dísẹ́ẹ̀lì, lòun bá bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì òun, òun fi ń sẹ́ ẹ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ nínú òjò, kí jẹnẹrétọ̀ má bàa kú. Mísítà Ken ní òun rántí pé iná ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, kò sì kú. Òun ò béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ojú rẹ̀ kún fún omi. Ó tún ṣí bírò.

Láti ọjọ́ náà, bí àgbàlagbà bá sọ jẹnẹrétọ̀ fún mi, jẹnẹrétọ̀ ni mò ń kọ. Nígbà tí ìwé jáde, ìlà mẹ́ta ni wọ́n fi kọ nípa Alájì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló kà á fún mi lórí fóònù. Kò sí ọ̀rọ̀ mi kan ṣoṣo níbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí, ojú sì ń tì mí.