Hẹdifóònù tí Dúrósinmí Dé Lọ Tọrọ Ìyàwó

Ẹnu ni àìsàn Dúrósinmí. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ló lò l'Ékòó ní nǹkan bí ọdún 1994, ó sì padà sí Òkìtìpupa pẹ̀lú ohùn tó ń gba imú jáde. Ó lóun ò jẹ púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ ilé wọn, mọ́, ikùn òun ti di ti ìlú ńlá!

Èyí tó wá burú jù ni wọ́kìmáànù, ẹ̀rọ kékeré tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì, tó fi há bẹ́líìtì, àti hẹdifóònù méjì tó rà bọ̀. Ọ̀kan jẹ́ ẹlẹ́yìn dídí, ó bo etí pinpin bí ìdérí ìkòkò. Èkejì jẹ́ ẹlẹ́yìn ṣíṣí, ẹ̀yìn rẹ̀ lu bí ajere. Ẹni tó bi í léèrè àti ẹni tí kò bi í, gbogbo wọn ló ń ṣàlàyé fún.

"Ẹlẹ́yìn dídí, ìlù rẹ̀ á máa gbá ọ láyà, gbì! gbì! Ṣùgbọ́n ẹlẹ́yìn ṣíṣí, háà! Ohùn á fẹjú, á dà bíi pé olórin jókòó tì ọ́. Ẹ̀yin ò lè mọ̀. Etí yín ò tíì dé Èkó!"

Agatha, olùkọ́ kan níbẹ̀, ló fẹ́ fẹ́. Bàbá Aníwúrà, bàbá Agatha, ní kó yọjú. Ó dé ẹlẹ́yìn dídí lọ. Bàbá rí i lọ́nà, ó pè é títí, ọmọkùnrin náà kọjá lára rẹ̀ bí ẹni kọjá lára òpó iná. Ó dé àgbàlá, ó rí Agatha, ó rò pé òun ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ariwo ló ń pa!

"AGATHA! ṢÉ BÀBÁ RẸ TÓ RORÒ BÍ AGBỌ́N YẸN TI JÁDE?"

Agatha kàn nawọ́ sí ẹ̀yìn Dúrósinmí ni. Bàbá ló dúró síbẹ̀.

Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Dúrósinmí ò dákẹ́, tara rẹ̀ náà sì ń pariwo. Ẹkún Agatha ló mú kí Bàbá rọ̀.

"Padà wá lọ́jọ́ Sátidé. Kó àwọn ẹbí rẹ wá, kí wọ́n bá ọ sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ ò bá dùn lọ́jọ́ náà, gbàgbé ọma mi."

Ẹbí kẹ̀? Dúrósinmí ní ẹnu òun tó ẹbí. Àmọ́ ìyá rẹ̀ ní Ìlútítun mọ ọmọ tó bí: ẹnu tó ń yangàn yẹn, bí ọ̀rọ̀ gidi bá dé, gbígbẹ ló ń gbẹ. Màmá bá fi ohùn ara rẹ̀ gba gbogbo ohun tó yẹ kó ṣe àti ohun tó yẹ kó sọ sínú kásẹ́ẹ̀tì fún un. Dúrósinmí ronú, ó ní ẹlẹ́yìn ṣíṣí lòun máa dé lọ, kí òun lè máa gbọ́ Màmá, kí òun sì máa gbọ́ Bàbá. Ọgbọ́n ńlá! Kò rántí pé ihò tí ohùn ń gbà wọlé náà ló ń gbà jáde.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó dé pálọ̀ Bàbá Aníwúrà lóun nìkan. Bàbá jókòó, Salome ìyàwó rẹ̀ jókòó, Agatha dúró nídìí kọ́tìnnì. Ó tẹ wọ́kìmáànù.

"Dọ̀bálẹ̀, kí àyà rẹ kanlẹ̀," ohùn obìnrin kan wí láti orí rẹ̀. "Má ṣe ti Èkó yẹn o."

Dúrósinmí nà gbalaja. Bàbá wo Salome. Salome wo òrùlé.

"Kí ló wà létí rẹ yìí, ọma mi?"

"Ìròyìn London ni, Bàbá. Èmi nìkan ló ń gbọ́ ọ."

"Ẹ̀n-ẹ́n? Kí ni London wí?"

"Má parọ́ fún wọn o, Dúró," ni London wí. "Bí o bá ń parọ́, etí rẹ ló máa ń mì."

Gbogbo ojú lọ sí etí rẹ̀. Hẹdifóònù tó bò ó ń mì lóòótọ́!

"Bí wọ́n bá gbé púpurú wá, jẹ ẹ́. Ìwọ tí o fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún nítorí èyí tó kù nínú ìkòkò mi lánàá!"

Salome ki ìborùn bọ ẹnu. Kọ́tìnnì Agatha ń gbọ̀n. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Hẹdifóònù ló lanu yìí, ìyá Dúrósinmí ló gba ibẹ̀ jáde. Dúrósinmí fúnra rẹ̀ ń wò wọ́n, kò mọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ó ní kóun sọ̀rọ̀ ara òun.

"Bàbá, mo... èmi... ẹ..."

"O ti gbàgbé," ni Màmá wí. "Mo mọ̀. Ó yá, sọ ọ́ báyìí: Bàbá, ọmọ yín wù mí. A ò ní nǹkan púpọ̀, ṣùgbọ́n ebi ò ní pa á nílé wa. Bí mo bá ṣẹ̀ ẹ́, ìyá mi ni yóò kọ́kọ́ bá mi wí."

Ẹ̀rín tán lójú Bàbá. Ó ti pẹ́ tó ti ń bẹ̀rù pé ọmọ òun á bọ́ sọ́wọ́ ìyakọ burúkú, ọ̀rọ̀ yìí sì wọ̀ ọ́ lára gan-an.

Dúrósinmí gbé ohùn Èkó sókè. "Bàbá, ọmọ yín wù —"

"Sinmi, ọma mi. A ti gbọ́ ọ."

Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí etí. Ó yọ hẹdifóònù kúrò, ohùn Màmá ṣì ń jáde nínú rẹ̀ ketekete.

"A ti gbà," ni Bàbá wí. "Ìyá rẹ la fi Agatha fún. Ìwọ náà, bí wọ́n bá gbà fún ọ, o lè máa bá wọn gbé."