Sùtánà Mi Kọ̀ Mí

Ọ̀sán Sátidé kan nínú oṣù Kẹfà, ní Tyrrelstown, àdúgbò kan ní Dublin, nílẹ̀ Ireland. Bàbá Tòún jókòó ní kíṣìnnì, ó tẹjú mọ́ sùtánà funfun tó ká sórí tábìlì. Lọ́la ni ìjọ aláṣọ funfun tó ń lọ fẹ́ fi òróró yàn án sí oyè. Tòún ọmọ rẹ̀, tó ń ṣèwádìí òdòdó ní yunifásítì, wọlé.

TÒÚN: Ẹ káàsán, Dádì. Ẹ ṣe fajú ro báyìí?

BÀBÁ: Mi ò joyè mọ́.

TÒÚN: Oyè tí ẹ ti ń retí láti ọjọ́ yìí?

BÀBÁ: Aṣọ yìí kọ̀ mí. Tí mo bá ti wọ̀ ọ́, sísín ló kù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sín lu àbẹ́là orí pẹpẹ, ó kú. Tí mo bá bọ́ ọ, ara mi á yá. Kí ni ká ti pe ìyẹn?

TÒÚN: Ibo lẹ ń sá a sí?

BÀBÁ: Ta ló máa rí oòrùn nílùú yìí kó tún sá aṣọ sínú ilé? Orí koríko ẹ̀yìn ilé ni mo ń tẹ́ ẹ sí, bí a ṣe ń ṣe é nílé. Mi ò tiẹ̀ gé koríko náà, kó lè ga, kí aṣọ mímọ́ má baà kan ilẹ̀.

(Tòún di orí mú.)

TÒÚN: Koríko tó ń yọ òdòdó, Dádì! Eruku òdòdó ló kún aṣọ yín. Imú yín ló ń kọ̀ ọ́, kì í ṣe Ọlọ́run.

BÀBÁ: Inú koríko ni mo dàgbà sí, ní Ìsẹ́yìn. Mi ò sín.

TÒÚN: Èéfín mọ́tò títì M50 tó wà nítòsí wa yìí kò sí ní Ìsẹ́yìn. Tí èéfín bá kan eruku òdòdó, ó lè yí èròjà inú rẹ̀ padà. Àwọn purotéènì...

BÀBÁ: Sọ ọ́ bí èèyàn.

TÒÚN: Èéfín á ba ìwà eruku yẹn jẹ́. Tó bá wá wọmú, ara á rò pé olè ló dé, á máa lé e.

BÀBÁ: Ó kẹ́gbẹ́ búburú.

TÒÚN: Ó jọ bẹ́ẹ̀.

BÀBÁ: Ọmọ ìlú yìí sì ni o! Èmi àjèjì ni wọ́n ń sọ fún pé kí n ṣọ́ ìwà hù.

TÒÚN: A ò tíì mọ gbogbo rẹ̀ ṣá. A ṣì ń wádìí.

BÀBÁ: Wọ́n ń sanwó fún ọ lórí ohun tí o ò mọ̀? Èmi ni ǹ bá ti di ọ̀gá yín.

TÒÚN: Grand, ó ti dáa. Ẹ jẹ́ kí n tún un fọ̀, ká sá a sínú ilé. Ẹ ò ní sín lọ́la.

(Bàbá fọwọ́ bojú.)

TÒÚN: Kí ló tún dé?

BÀBÁ: Mo ti ránṣẹ́ sí Olùṣọ́ ìjọ wa láàárọ̀. Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ ńlá kan ń bẹ lọ́rùn mi.

TÒÚN: Ẹ̀ṣẹ̀ wo?

BÀBÁ: Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo wá a títí. Mo ní bóyá mo ti gbàgbé ni, àgbà ti dé.

TÒÚN: Ẹ pè wọ́n, kí ẹ ní koríko ni.

BÀBÁ: Kí gbogbo ìjọ máa pè mí ní Bàbá Koríko?

(Fóònù dún. Bàbá gbé e sétí, ó gbọ́, ó ṣe àmín, ó rọra gbé e sílẹ̀.)

TÒÚN: Kí ni Olùṣọ́ wí?

BÀBÁ: Wọ́n ní mo ṣì ń joyè. Wọ́n ti bá mi gbààwẹ̀, Ọlọ́run ti dárí ẹ̀ṣẹ̀ náà jì mí. Kí n ṣáà jẹ́wọ́ rẹ̀ lójú ìjọ lọ́la, kí àwọn ọ̀dọ́ lè kọ́gbọ́n.

TÒÚN: Ẹ wá fẹ́ ṣe é báwo?

(Bàbá yọjú wo oòrùn lójú fèrèsé.)

BÀBÁ: Ilẹ̀ kì í tètè ṣú nínú oṣù yìí. Tòún, ẹ̀ṣẹ̀ wo ni arúgbó lè rí dá kó tó di alẹ́?